Ẹni Ogójì Ọdún Ní Kíláàsì ABD

Ibi ìsìnkú ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹsẹ Bíbélì yìí: “Omi a máa yinrin òkúta.” Jóòbù ló sọ ọ́, orí 14, ẹsẹ 19. Ọ̀rọ̀ ẹkún ni. Ó ń wí fún Ọlọ́run pé bí omi ṣe ń jẹ òkúta díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́run ṣe ń sọ ìrètí ọmọ ènìyàn dòfo. Ẹsẹ náà bà mí lọ́kàn jẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì ń bá mi kiri. Nígbà tó yá, mo ní kí n wá bí àwọn Júù tó ni ìwé náà ṣe ń kà á. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Akiva ọmọ Yosef, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ Òfin àwọn Júù láyé àtijọ́, títí dòní kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Nǹkan bí ọdún 50 lẹ́yìn ìbí Krístì ni wọ́n bí i, ní ilẹ̀ Jùdíà, lábẹ́ ìjọba Róòmù. Kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá. Ẹran ọlọ́ràá kan ní Jerúsálẹ́mù tó ń jẹ́ Kalba Savua ló ń dà kiri. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Róòmù jó Tẹ́ńpìlì ní ọdún 70, ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ogójì ọdún, kò tíì mọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Púrúǹtù ni, bí a ṣe ń pè é níbí, ìyẹn kì í sì í ṣe èébú lẹ́nu mi. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ìtàn tí àwọn Júù ń sọ ni pé ó dúró lẹ́nu kànga kan lọ́jọ́ kan, ó rí òkúta tó ti dá ihò sínú. Ó béèrè pé, “Ta ló gbẹ́ òkúta yìí?” Wọ́n ní omi tó ń kán sí i lójoojúmọ́ ni. Wọ́n wá ní, “Akiva, ṣé o ò tíì kà á pé omi a máa yinrin òkúta ni?” Ẹ wo irú ìbéèrè tí wọ́n bi ẹni tí kò mọ̀ọ́kà! Ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́ nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí Jóòbù sọ. Ó ní bí omi tó rọ̀ bá lè gbẹ́ òkúta tó le, mélòó mélòó ni ọ̀rọ̀ Tórà, ìwé Òfin Mósè, tó le bí irin, tí kò ní lè gbẹ́ ọkàn mi tó jẹ́ ẹran àti ẹ̀jẹ̀ lásán? Ẹsẹ tí Jóòbù fi sunkún ni Akiva fi dìde.

Ó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́, àwọn méjèèjì gba ọ̀dọ̀ tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké lọ. Akiva di orí síléètì mú níhìn-ín, ọmọ rẹ̀ dì í mú lọ́hùn-ún. Tíṣà kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ àti èkejì fún un, ó kọ́ ọ. Ó kọ gbogbo rẹ̀ títí dé lẹ́tà tó kẹ́yìn, ó kọ́ ọ. Ó kọ ìwé Léfítíkù fún un, ó kọ́ ọ.

Ibi síléètì yìí ni mo ti pa ìwé dé tí mo sì jókòó jẹ́ẹ́.

Èlùbọ́ ni màmá mi ń tà. Wọ́n lè ṣe ìṣirò gbèsè ogún oníbàárà lórí láìgbàgbé kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ọ́kọ, wọn kò mọ̀ọ́kà. Lọ́jọ́ kan ní báńkì kan, akọ̀wé tí kò ju ọmọ wọn lọ fa yíǹkì sún mọ́ wọn láìwo ojú wọn, ó ní, “Màmá, ẹ tẹ̀ka.” Àwọn tó tò sẹ́yìn ń wò. Wọ́n tẹ̀ka, wọ́n fi etí ìró wọn nu yíǹkì náà, wọn kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Mo kéré nígbà náà, ọmọ ọdún méje, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tó wà lójú wọn kì í ṣe ìtìjú nìkan. Ìbínú ni. Wọ́n ń bínú sí gbogbo ẹni tó mọ̀wé láyé.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú gbogbo ohun tí Talmud, ìwé ńlá tí àwọn Júù kó ẹ̀kọ́ àti ìtàn àwọn àgbà onímọ̀ wọn sí, sọ pé Akiva wí, èyí tí mo gbà gbọ́ jù lọ ni ọ̀rọ̀ tó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà tó ti di àgbà onímọ̀. Ó ní, “Nígbà tí mo wà ní òpè, mo máa ń sọ pé ta ni yóò bá mi mú ọ̀mọ̀wé kan wá kí n bù ú jẹ bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.” Wọ́n ní, “Rábì, ṣé bí ajá ni ẹ fẹ́ wí?” Ó ní rárá o. Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, kì í fọ́ egungun. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fọ́ egungun. Ẹni tí wọn kò bá fi yíǹkì lọ̀ rí kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sì ní kí wọ́n bá òun fi í pamọ́. Ní iwájú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ gan-an, nínú ipò ńlá tó wà, ló ti rántí bí ìkórìíra náà ṣe korò tó.

Akiva kò ní owó nígbà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ó máa ń ṣẹ́ igi ìdáná ìdì kan lóòjọ́, yóò ta ìlàjì fi jẹun, yóò sì dá iná ìlàjì kà á. Èéfín pọ̀ jù fún àwọn aládùúgbò. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó ta igi náà fún àwọn, kó fi owó rẹ̀ ra òróró àtùpà. Ó ní rárá, igi yìí ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta fún òun: òun ń fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kàwé, òun ń yá iná rẹ̀, òun sì ń sùn lé e lórí.

Àwọn ọ̀gá rẹ̀ nígbà tó yá ni Rábì Eliezer àti Rábì Yehoshua, àwọn méjì tó ga jù nígbà ayé wọn. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti kọ́ ọ ní òfin kan, yóò dìde lọ jókòó sí kọ̀rọ̀, yóò máa bi ara rẹ̀ pé, “Lẹ́tà yìí, kí nìdí tí wọ́n fi kọ ọ́? Eléyìí ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí, kí ló dé tí wọ́n fi sọ ọ́?” Lẹ́yìn náà yóò padà lọ bi wọ́n, ọ̀rọ̀ yóò sì pèsì jẹ lẹ́nu àwọn àgbà méjèèjì.

Lérò tèmi, ibí yìí ni gbogbo agbára Akiva wà. Àwa tí wọ́n kọ́ ní ABD láti kékeré, a kì í rí lẹ́tà mọ́. Ojú wa ń gbà á kọjá bí ìgbà tí ènìyàn ń gba inú gíláàsì wo ìta. Ẹni tó dé ibẹ̀ lógójì ọdún ń rí i. Ó mọ̀ pé ẹnì kan ló kọ ọ́, ó sì fẹ́ mọ ìdí.

Wọ́n dá kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sílẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa, láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, fún àwọn àgbà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ báńkì yẹn, màmá mi lọ forúkọ sílẹ̀. Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé ni wọ́n ń jókòó lé, eékún wọn ń kan orí tábìlì. Èmi ni wọ́n máa ń mú dání nítorí kò sí ẹni tí wọn ó fi mí tì. Àgùnbánirọ̀ kan ni tíṣà wọn. Ọjọ́ tí ó kọ “gb” sára pátákó, màmá mi nọ́wọ́. “Tíṣà, èwo ni g, èwo ni b? Kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ méjì lójú pátákó, tí wọ́n sì jẹ́ ohùn kan lẹ́nu mi?” Tíṣà ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, Mà. Àwọn yòókù kọ ọ́ sílẹ̀. Màmá mi kò kọ ọ́. Wọ́n ń wo pátákó náà bí ìgbà tí wọ́n ń wo oníbàárà tí kò tíì san owó tán.

Akiva ò fi irú ìbéèrè yẹn sílẹ̀ rí. Àwọn tó ń da Tórà kọ máa ń fi àwọn ìlà tín-ín-rín ṣe adé sórí lẹ́tà mìíràn, wọ́n sì ní kò sí ọ̀kan nínú adé wọ̀nyí tí Akiva kò rí òfin rẹpẹtẹ fà yọ nínú rẹ̀. Rábì Ishmael, tí wọ́n jọ gbáyé, kò fara mọ́ èyí. Ó ní Tórà ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ṣẹ́ kù ló ní àdììtú nínú. Mo rò pé Ishmael ni yóò jàre lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀ Akiva ni mo fẹ́ràn.

Ìtàn kan wà nínú Talmud lórí ọ̀rọ̀ adé yìí. Mósè gun òkè lọ bá Ọlọ́run, ó bá a tó ń so adé mọ́ orí lẹ́tà. Ó béèrè ohun tó wà fún. Ọlọ́run ní ọkùnrin kan ń bọ̀ lẹ́yìn ìran púpọ̀, Akiva ọmọ Yosef, tí yóò fa òkìtì òfin yọ láti ara ìlà kọ̀ọ̀kan. Mósè ní kí wọ́n fi hàn òun. Ó wá bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ìlà kẹjọ nínú kíláàsì Akiva. Ó tẹ́tí, tẹ́tí, kò yé e. Agbára rẹ̀ lọ sílẹ̀. Mósè, tó gba Tórà lọ́wọ́ Ọlọ́run, jókòó lẹ́yìn kíláàsì bí òpè! Títí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi bi Akiva pé, “Rábì, níbo lẹ ti mọ èyí?” Akiva dáhùn pé, “Òfin tí Mósè gbà ní Sínáì ni.” Ara Mósè wá balẹ̀.

Ta ló lè ronú irú ìtàn yìí bí kì í bá ṣe ẹni tó ti jókòó lẹ́yìn rí? Ìtàn náà ò tíì parí o. Mósè ní kí wọ́n fi èrè ọkùnrin yìí hàn òun. Ó yíjú padà, ó rí wọn tí wọ́n ń wọn ẹran ara Akiva lórí ìwọ̀n ní ọjà ẹran. Ó kígbe: “Tórà nìyí, èrè rẹ̀ sì nìyí?” Ọlọ́run ní, “Dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn.” Àwọn tó kọ Talmud kò fi ìdáhùn mìíràn kún un. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn fún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Akiva ti ń dùn mí. Ọmọ Kalba Savua, ọ̀gá rẹ̀, ni. Talmud tí wọ́n kọ ní Bábílónì kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Rákélì ni àṣà wọn ń pè é. Òun ló kọ́kọ́ rí nǹkan lára darandaran náà. Ó ní bí òun bá fẹ́ ọ, ṣé wàá lọ kàwé? Akiva ní òun yóò lọ. Bàbá obìnrin náà búra pé kò ní rí sísì nínú ohun ìní òun. Wọ́n wá ń sùn nínú koríko gbígbẹ nígbà òtútù, Akiva a sì máa ṣa koríko kúrò nínú irun rẹ̀. Ó ní, “Bí mo bá ní owó ni, Jerúsálẹ́mù oníwúrà ni mi ò bá dé ọ lórí.” Ohun ọ̀ṣọ́ orí kan ni. Wọ́n ní wòlíì Èlíjà wá kanlẹ̀kùn wọn ní àwọ̀ tálákà, ó ní ìyàwó òun bímọ, òun ò rí ohun tí yóò sùn lé, kí wọ́n bun òun ní koríko díẹ̀. Akiva wo ìyàwó rẹ̀, ó ní, “Ẹ wá wo ẹni tí kò tilẹ̀ ní koríko.”

Ó wá lọ. Ọdún méjìlá. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó gbọ́ lẹ́yìn ilé tí ẹnì kan ń bi ìyàwó rẹ̀ pé títí di ìgbà wo ni yóò máa ṣe opó ẹni tí kò kú. Obìnrin náà dáhùn pé bó bá ṣe tòun ni, kó lo ọdún méjìlá mìíràn. Akiva ní wọ́n ti gba òun láàyè nìyẹn. Ó yí padà, ó tún lọ. Ọdún mẹ́rìnlélógún.

Mi ò lè gba apá yẹn. Mo ti kà á lọ kà á bọ̀. Ó dé ẹ̀yìn ilé, ó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀, kò sì wọlé kí i. Àwọn kan ń wàásù pé ìfẹ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, gbèsè tí kò lè san tán ló jẹ lẹ́yìn ilé náà, ohun tó sì mú kí n lè máa bá a lọ ni pé òun náà mọ̀. Nígbà tó padà dé pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 24,000, gbogbo ìlú jáde. Ìyàwó rẹ̀ wá pẹ̀lú aṣọ tó ti gbó, ó dojú bolẹ̀, ó ń fẹnu ko ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń tì í sẹ́yìn. Akiva ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Tèmi àti tiyín, tirẹ̀ ni.” Ó ra Jerúsálẹ́mù oníwúrà náà fún un nígbẹ̀yìn. Ó sì jẹ́ ohun tí mo máa ń rò pé, nígbà tí àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ lórí bóyá Orin Sólómónì jẹ́ ìwé mímọ́, ìwé tó kún fún ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya, Akiva ló sọ pé gbogbo ìwé ni mímọ́, ṣùgbọ́n Orin Sólómónì ni mímọ́ jùlọ nínú mímọ́. Ta ló sọ ọ́? Ẹni tó pa ìyàwó tì fún ọdún mẹ́rìnlélógún.

Àwọn 24,000 náà ńkọ́? Wọ́n kú. Láàrin Àjọ Ìrékọjá sí Pẹ́ńtíkọ́sì ni wọ́n ní gbogbo wọn kú. Ìdí tí Talmud sọ ni pé wọn kò bọ̀wọ̀ fún ara wọn. Bẹ́ẹ̀, Akiva yìí kan náà ló fi kọ́ni pé “fẹ́ ọmọnìkejì rẹ bí ara rẹ,” Léfítíkù 19:18, ni ìpìlẹ̀ ńlá nínú Tórà. Mo máa ń ronú nípa alẹ́ ọjọ́ tó sin ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn. Talmud ní ayé dá páropáro. Lẹ́yìn náà, bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré, ó ní Akiva lọ bá àwọn ọ̀gá wa ní gúúsù, ó sì kọ́ wọn: Meir, Yehuda, Yose, Shimon, Elazar ọmọ Shammua. Márùn-ún. Lẹ́yìn 24,000, márùn-ún, lójú àgbà. Bí ẹ bá ṣí Míṣínà lónìí, ìwé òfin tí Rábì Yehuda mìíràn, tí wọ́n ń pè ní Baálẹ̀, kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200, orúkọ wọn ló kún un. Talmud tilẹ̀ sọ pé òfin tí wọn kò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni sí níbẹ̀, ti Meir ni, ọ̀dọ̀ Akiva sì ni gbogbo rẹ̀ ti ṣàn wá.

Ó ṣe àṣìṣe ńlá náà. Nígbà tí Bar Kokhba, jagunjagun Júù kan, gbé ogun ti Róòmù ní ọdún 132, Akiva nawọ́ sí i pé ọba Mèsáyà nìyí. Ọ̀gbẹ́ni kan, Yohanan ọmọ Torta, dá a lóhùn pé, “Akiva, koríko yóò hù ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, ọmọ Dáfídì ò ní tíì dé.” Ogun náà parí ní ọdún 135 pẹ̀lú ikú àìlóǹkà. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Akiva ni, wọn kò yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìwé.

Ìjọba Róòmù fòfin de kíkọ́ Tórà. Akiva ń kó ènìyàn jọ ní gbangba, ó ń kọ́ wọn. Pappus ọmọ Yehuda bi í pé ṣé kò bẹ̀rù ìjọba ni. Akiva pa àlọ́ fún un: kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń rìn létí odò, ó rí ẹja tí wọ́n ń sá kiri. Kí lẹ̀ ń sá fún? Àwọ̀n ọmọ ènìyàn ni. Ẹ gòkè wá, ká jọ máa gbé lórí ilẹ̀. Ẹja ní, ìwọ tí wọ́n ní o gbọ́n jù nínú ẹranko! Bí a bá ń bẹ̀rù níbi tí ìyè wa wà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí wa níbi tí ikú wa wà?

Wọ́n mú un. Nínú ẹ̀wọ̀n, Yehoshua ará Garsi ló ń gbé omi wá fún un. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ṣọ́ da ìlàjì omi náà nù. Àgbàlagbà tí ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ fi èyí tó kù ṣan ọwọ́ kó tó jẹun, torí pé òfin tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nìyẹn.

Àkókò tí wọ́n mú un jáde láti pa á jẹ́ àkókò tí àwọn Júù ń ka “Gbọ́, Ísírẹ́lì: Olúwa Ọlọ́run wa, Olúwa kan ni.” Wọ́n ń fi òòyà irin ya ẹran ara rẹ̀, ó ń kà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní, “Rábì wa, títí débí?” Ó ní ní gbogbo ọjọ́ ayé òun ni ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ti ń dààmú òun, pé kí a fẹ́ Olúwa pẹ̀lú “gbogbo ọkàn rẹ.” Àní bó bá ń gba ọkàn rẹ. Òun sì máa ń béèrè pé, nígbà wo ni èyí yóò bọ́ sí òun lọ́wọ́, kí òun lè mú un ṣẹ? Ó fa ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ẹsẹ “Gbọ́, Ísírẹ́lì” náà gùn, tó túmọ̀ sí “ọ̀kan” ní Hébérù, títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọkàn. Ọ̀kan. Èdè Hébérù kọ́ ló ní ìyẹn, tiwa ni: lẹ́tà kan náà, àmì ohùn tó ṣípò ló yà wọ́n. Bí Akiva bá jẹ́ Yorùbá, mo mọ̀ pé ì bá ti jókòó ti àmì kékeré yẹn láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀.

Ìtàn wọ̀nyí, púpọ̀ nínú wọn, ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó wọ inú ìwé. Mo mọ̀. Ọ̀kan wà nínú wọn tí kò sẹ́ni tó tún padà sọ ọ́: ọmọ tó di orí kejì síléètì mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọn ò sọ ohun tó rò nígbà tí bàbá rẹ̀ ń pe lẹ́tà tí òun náà ń pè. Mo fẹ́ bi í léèrè bóyá ó tijú, tàbí bóyá ó sáré kọ́ ọ ju bàbá rẹ̀ lọ.

Èmi kò tijú. Ìwé àjákọ kan la jọ ń lò, màmá mi níwájú, èmi lẹ́yìn, nítorí owó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ “gb” yẹn, nígbà tí a ń padà sílé, wọ́n dúró lójú títì, wọ́n pe “gb” sókè lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fi ìka kan ètè ara wọn, wọ́n tún fi kan ètè mi. Wọ́n ní, “Pè é. Fi ara balẹ̀, pè é, kí n wò ó.” Mo pè é.